Ìkarahun Tí Kò Yanu

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀wé, ẹnu lásán ni mo ní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ojú sì máa ń tì mí tí mo bá dá jókòó.

Ilé bàbá wa ni mò ń gbé títí dòní, ní Ajárá l'Àgbádárìgì, lápá ibi tí ilẹ̀ ti ń lọ sọ́nà ọ̀sà. Àwa méjì péré ló kù nínú ọmọ ìyá wa, èmi àti àbúrò mi obìnrin. Ọkọ ẹ̀ kú, ara ò rọ̀ ọ́ mọ́ nílé ọkọ, ló bá padà wálé. Ó ní òun fẹ́ kọ́ yàrá méjì sẹ́yìn ilé, pé bàbá wa ti fi ibẹ̀ han òun kó tó kú. Òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bàbá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin mi àgbà, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ti ní òun máa kọ́lé síbẹ̀, èmi náà sì ti ní kò burú.

Ìgbà yẹn ni mò ń gbẹ́ kànga sẹ́yìn ilé. Èmi fúnra mi ni mo ń gbẹ́ ẹ, agbára ṣì wà. Nígbà tí kòtò dé ọrùn mi, ọkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ha nǹkan kan, kàrà, kàrà. Ìkarahun ni. Kì í ṣe ti ìgbín o. Irú èyí tó ń gbé inú omi ni, tó ní awẹ́ méjì bí obì, tí ẹ̀yìn ẹ̀ rí ìlà-ìlà bí òòyà. Wọ́n pọ̀ nínú iyanrìn níbẹ̀. Mo kó wọn jáde, mo ṣa mẹ́ta tó dáa jù, mo ń fọ̀ wọ́n. Bí mo ṣe ń fọ̀ wọ́n ni irọ́ náà wá sí mi lọ́kàn.

Ọjọ́ tí ẹbí pé jọ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, mo kó ìkarahun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àwo, mo gbé e síwájú àwọn àgbà.

Mo ní, "Ẹ wo ohun tí mo gbẹ́ jáde lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni ìyá ńlá wa ti ń dáná. Ohun tó sè jẹ, ìkarahun ẹ̀ rèé. Ilé ìdáná ìyá ńlá wa, ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú ilé ló yẹ kó wà. Ẹnikẹ́ni ò lè gé e fún obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ."

Wọ́n ń gbé àwo yí ká. Àgbà kan ní, "Háà! Àwọn ará àtijọ́ mà jẹun o! Abájọ tí wọ́n fi sanra." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ó kan àbúrò mi. Ó mú ọ̀kan, ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò tọ etí ẹ̀ yí ká, ó wá wò mí. Ó dá a padà sínú àwo.

"Mo ti gbọ́, Fofó."

Fofó là ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, àwa Ègùn. Àwọn àgbà gbé ilẹ̀ fún mi. Àbúrò mi kó ẹrù ẹ̀, ó lọ gba yàrá kan ní Aradágún.

Ọmọ mi ò sì kọ́ ilé ọ̀hún. Ó rí ilẹ̀ míì tó wù ú jù. Kànga náà ò lómi tó dáa, ó ya lulẹ̀ lápá kan, koríko bo gbogbo ibẹ̀. Èmi gbé àwo ìkarahun sí pálọ̀. Àlejò tó bá bi mí, ohun kan náà ni mò ń sọ fún un.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan láti Èkìtì gba yàrá nílé mi. Olùkọ́ ni nílé ẹ̀kọ́ gíga tó wà lójú ọ̀nà márosẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ló ń kọ́ wọn. Ó wọlé wá kí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ni ojú ẹ̀ bá lọ sórí àwo.

"Bàbá, níbo lẹ ti rí èyí?"

"Ẹ̀yìn ilé ni. Ohun tí àwọn ìyá wa sè jẹ nígbà àtijọ́ ni."

Ó gbé ọ̀kan lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà. Ó fi síbí kàn án.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ó sì wúwo. Iyanrìn tó wọ inú ẹ̀ ti di òkúta."

"Ṣé kì í ṣe pé ó kàn pẹ́ nílẹ̀ ni?"

"Ó pẹ́ o! Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Bàbá, ó panu dé. Èyí tí wọ́n bá sè, ṣé kò ní yanu ni? Àbí ìyá yín fi abẹ́rẹ́ fa ẹran inú ẹ̀ jáde ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí n mú òun débẹ̀. Ó fi àdá ha ara kòtò, ó ń fi hàn mí: ilẹ̀ dúdú lókè, iyanrìn pupa tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà iyanrìn funfun tí ìkarahun wà nínú ẹ̀.

"Níbi tí èèyàn bá ti dáná, eérú máa wà, èédú máa wà, àpáàdì, egungun ẹja. Kò sí ọ̀kan níbí. Irú ìkarahun yìí, omi oníyọ̀ ló ń gbé. Òkun ti dé ibí rí, Bàbá, kó tó padà sẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ń gbé náà ni wọ́n kú sí."

Mo ní, "Ó tó ọdún mélòó?"

"Mi ò lè fojú lásán sọ iye ẹ̀. Àwọn kan wà tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, a lè fi ránṣẹ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n bó ṣe jìn, àti bó ṣe di òkúta nínú, ẹ má fi ọgọ́rùn-ún ọdún kà á, ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni kẹ́ ẹ fi kà á. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé sí Àgbádárìgì ló ti wà nílẹ̀."

Inú ẹ̀ ń dùn. "Bàbá, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ní!"

Iye ọdún ẹ̀ ni mi ò mọ̀. Èyí tó kù, mo mọ̀ ọ́. Ìyá wa máa ń ṣa irú ẹ̀ létí omi, èmi àti àbúrò mi la máa ń bá a sè é. Tí omi bá hó, wọ́n á yanu. Èyí tí kò bá yanu, ìyá wa á ní ká jù ú nù, ẹrẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Ọwọ́ wa la fi ń ṣà á kúrò. Lọ́jọ́ tí mo ń fọ mẹ́ta yẹn, mo rí i pé wọ́n panu dé. Mo tiẹ̀ wá èyí tó yanu nínú èyí tó kù, mi ò rí. Mo sì gbé e lọ síwájú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo gun ọ̀kadà lọ sí Aradágún. Àbúrò mi ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé.

"Fofó, ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Ìkarahun ọjọ́ yẹn ni..."

"Ó panu dé." Kò gbójú sókè.

"O rí i?"

"Ta ló ń bá Ìyá sè é? Ṣé ìyàwó yín ni?"

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀?"

"Kí n sọ kí ni? Kí n pè yín ní òpùrọ́ lójú ẹbí? Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín kílẹ̀ tó ṣú. Nígbà tílẹ̀ ṣú, mo ní bóyá lọ́la." Ó gbọn àwo ẹ̀wà. "Mo sọ bóyá lọ́la yẹn títí."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀ mí níbí. Níbi tẹ́ ẹ ti gbé àwo kalẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ."

Mo pe ẹbí jọ. Méjì nínú àwọn àgbà ti kú nígbà yẹn, àwọn ò lè gbọ́ ọ mọ́. Mo sọ ọ́ fáwọn tó kù bó ṣe rí, mi ò fi nǹkan bò. Àgbà tó ṣàwàdà lọ́jọ́sí ló wá ní, "Ìwọ yìí lo jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń lé ọmọ bàbá ẹ jáde." Wọ́n dá ilẹ̀ padà fún àbúrò mi.

Ó ti kọ́ yàrá méjèèjì. Ọmọ mi ní mo ti sọ òun di ẹni tó fẹ́ fi irọ́ gba ilẹ̀, kì í sábà pè mí mọ́. Kò jẹ̀bi.

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi kọ́kọ́ dáná nílé ẹ̀, ó gbé oúnjẹ wá fún mi, ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ ẹja. Ó kúnlẹ̀ gbé e fún mi. Mo ní mo ti jẹun. Ó ní, "Fofó, ẹ jẹun." Ó dúró tì mí títí mo fi fọwọ́. Mo jẹ ẹ́ tán níwájú ẹ̀. Mi ò lè wojú ẹ̀.