Kúlà Ẹ̀fọ́ Àǹtí

Mọ́tò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ṣì ní ọ̀rá lórí ìjókòó. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn rẹ̀ lánàá, òórùn ọ̀rá náà gbé mi padà sí ọ̀sán kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Doornfontein, lẹ́yìn odi, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí Bọ̀dá, àbúrò bàbá mi, ti ń ta bàtà.

Bọ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò tuntun nígbà náà. A fẹ́ fi lọ gbé obìnrin kan ní Bruma, tí kì í wojú Bọ̀dá nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ takisí.

"Tówó bá ti dé," ni Bọ̀dá wí, "ìfẹ́ ò ní jìnnà."

Àǹtí tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa, tí wọ́n máa ń se oúnjẹ ọ̀sán fún Bọ̀dá, sáré jáde, wọ́n gbé kúlà ẹ̀fọ́ rírò lé itan mi nínú mọ́tò. Ó gbóná.

"Gbé e padà fún un," Bọ̀dá sọ. "Ẹja gbígbẹ ò gbọdọ̀ rùn nínú mọ́tò mi."

Mo sọ̀ kalẹ̀, inú mi ń dùn pé èmi ni wọ́n rán. "Uncle says it will smell."

Àǹtí gba kúlà náà. Wọ́n fi etí ìró wọn nù ún yípo, bí ẹni pé ó dọ̀tí, kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín. "Shap, kò burú, ọmọ mi."

Ọ̀sẹ̀ tí Bọ̀dá ta mọ́tò yẹn ni obìnrin Bruma náà fi wọ́n sílẹ̀ lọ.

Lánàá, Bọ̀dá jókòó ti mí níwájú, irun wọn ti funfun báláú. Wọ́n ń fọwọ́ pa ọ̀rá náà. Nígbà tí iná robot tó ń darí ọkọ̀ dá wa dúró, wọ́n bi mí léèrè: "Kí ni Àǹtí sọ nígbà tí o gbé kúlà yẹn padà?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní shap."

Mi ò sọ fún wọn pé Àǹtí kọ́kọ́ nu kúlà náà.