Urin Kì í Rulé

Ní Makun, bí ènìyàn bá ń béèrè Awódélé Oyèkọ́lá, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Èwo nínú wọn? Alágbẹ̀dẹ ni, àbí wèrè?" Ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì. Alágbẹ̀dẹ ni nítorí pé bàbá rẹ̀ rọ ọkọ́ àti àdá, òun náà sì di wẹ́dà tí ń tún ìdí tírélà ṣe lẹ́bàá oríta Ṣàgámù. Wèrè ni nítorí orin tó fẹ́ràn.

Ó ti lé lógún ọdún tí awakọ̀ tírélà kan gbàgbé kásẹ́ẹ̀tì sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Orin òyìnbó tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní mẹ́tàlì ni, ìyẹn orin onírin: gìtá tí ń bú bí ẹ̀rọ tí ń gé irin, ìlù tí kì í sinmi, ọkùnrin kan tí ń ké bí ẹni tí ilé ń jó mọ́. Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù sá jáde. Awódélé gbé òòlù sílẹ̀, ó ní, "Ẹni tó ṣe èyí ti dúró ti iná rí." Pásítọ̀ ìyàwó rẹ̀ gbàdúrà sí i lórí lẹ́ẹ̀mejì, kò sí àbájáde tó ṣeé jẹ́rìí sí.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan ní Èkó dá ẹgbẹ́ onírin tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ ní Ẹwìrì, orúkọ ohun tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ná, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá kọrin, kò pẹ́ tí Awódélé fi mọ gbogbo orin wọn lórí. Kò retí pé wọn yóò wá bá òun. Àmọ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀rọ wọn dá ní oríta Ṣàgámù, wọ́n sì darí wọn sọ́dọ̀ rẹ̀. Láídé, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí akọrin wọn, jókòó lórí ògbólógbòó táyà kan, ó ń gbọ́ bí Awódélé ti ń kọ orin tí bàbá rẹ̀ fi máa ń lu irin:

Urin kì í sùn,
Urin kì í rulé,
Ìwọ tó rò p'ó ti tutù,
F'ọwọ́ kàn án.

"Kí ni urin, sà?"

"Irin ni. Bí àwa ará Rẹ́mọ ṣe ń pè é nìyẹn kí ẹ̀yin ará Èkó tó bà á jẹ́."

"Rulé ńkọ́?"

"Relé ni. Ṣùgbọ́n nínú orin yìí, kì í ṣe ilé oníbúlọ́ọ̀kù. Bí wọ́n bá ní àgbà kan rulé, ó ti kú nìyẹn."

Láídé kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀. Ó gba ohùn ọkùnrin náà sílẹ̀ pẹ̀lú, àti ìró ọmọ owú, òòlù kékeré tí bàbá Awódélé jogún, tó sì fi sílẹ̀ fún un. Ó ní, "Ọjọ́ tí a bá wá ṣeré ní Rẹ́mọ, ẹ̀yin lẹ máa gun orí ìtàgé, ẹ ó sì fi òòlù yìí lù ú fún wa."

Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, ìkéde jáde pé Ẹwìrì ń bọ̀ níbi àjọ̀dún orin kan ní pápá gbangba ní Ìkẹ́nnẹ́, lọ́sàn-án Sátidé. Awódélé sọ fún gbogbo Makun. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, kò ní ọmọ kan tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ. Ohun tó fẹ́ kò ju pé kí ìlú tó ń pè é ní wèrè gbọ́ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ tó ga ju ilé alájà méjì lọ. Ó pe Láídé lẹ́ẹ̀mẹta. Láídé kò gbé e. Awódélé ní olórin ò ráyè.

"Bí wọ́n bá pè yín sókè, ẹ má rẹ́rìn-ín jù," ni Adétóun, ìyàwó rẹ̀, wí láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Nítorí eyín iwájú yẹn."

Ẹnu ọ̀nà pápá ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ wọ́. Fàtáì, ẹ̀ṣọ́ tó ń yẹ ara èrò wò, fi ẹ̀rọ tí ń wá irin ra àpò rẹ̀ lára, ẹ̀rọ náà ké.

"Bàbá, kí lẹ gbé yìí?"

"Ọmọ owú. Orí ìtàgé ni mo ti máa lù ú."

"Irin ò gbọdọ̀ wọlé, sà."

"Ṣé orin onírin kọ́ ni wọ́n ń ṣe nínú?"

"Orin ni wọ́n ń ṣe, bàbá. Wọn ò ní ká gbé irin wá."

Fàtáì fún un ní páálí pélébé kan tó ní nọ́ńbà, ó sì ju òòlù ìran mẹ́ta sínú agbọ̀n, láàárín agboòrùn àti ìgò lọ́fínńdà.

Nínú pápá, àwọn ọ̀dọ́ wọ aṣọ dúdú lábẹ́ oòrùn tí kì í ṣàánú aṣọ dúdú. Fikáyọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó kun ètè rẹ̀ dúdú, wo fìlà ọkùnrin náà.

"Dádì, ṣé ọmọ yín lẹ wá fà lọ sílé?"

"Èmi gan-an ni mo wá."

"Ẹ mọ Ẹwìrì?"

Awódélé ka orin wọn fún un, láti orí èkíní dé orí ẹ̀kẹtàdínlógún. Fikáyọ̀ kúnlẹ̀ sínú eruku. "Ẹ forí jì mí, Dádì." Ó la ọ̀nà fún un títí wọ́n fi dé ìdí ìtàgé.

Fún nǹkan bí wákàtí kan, Awódélé rí ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ kásẹ́ẹ̀tì. Ohùn náà wọ inú eegun àyà rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn di irin mú tí ẹlòmíràn ń lù ú. Ó ké pẹ̀lú wọn. Kò sẹ́ni tó pè é ní wèrè. Kò sẹ́ni tí orí rẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tó yá, Láídé gbọ́wọ́ sókè, ẹ̀rọ sì dákẹ́.

"Àgbà alágbẹ̀dẹ kan ní Makun ló fún wa ní orin tó kàn," ni ó wí. "Bàbá Awódélé Oyèkọ́lá."

Awódélé tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú.

"Mo ṣèlérí pé bàbá náà ni yóò lu irin rẹ̀ níbí lónìí. Wọn ò lè dúró dè wá. Oṣù tó kọjá ni bàbá rulé." Ó pe ọ̀rọ̀ náà bí ọmọ Rẹ́mọ ṣe ń pè é. "Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan nítorí wọn."

Gbogbo pápá pa rọ́rọ́. Awódélé dá ẹsẹ̀ ọ̀tún padà. Wọn kò ṣètò ohun tí ẹni tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ yóò ṣe. Fikáyọ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ.

"Dádì, fìlà. Ẹ bọ́ fìlà fún òkú."

Ó bọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni ohùn òun fúnra rẹ̀ bú jáde láti inú ẹ̀rọ, pẹ̀lú ìró òòlù rẹ̀, gìtá sì gùn ún. Àwọn ènìyàn ń fò, wọ́n ń sunkún. "Ohùn òkú náà dùn," ni Fikáyọ̀ wí sí i létí.

Nígbà tí eré parí, ó lọ sẹ́yìn ìtàgé. "Èmi ni Awódélé," ni ó sọ fún ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀.

"Ẹni méjì ti wá síbí tí wọ́n ní àbúrò rẹ̀ làwọn, bàbá," ni ẹ̀ṣọ́ náà fèsì. "Ẹ̀yin nìkan lẹ láyà láti jẹ́ òun fúnra rẹ̀."

Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó fi páálí gba òòlù rẹ̀. Fàtáì bi í bóyá wọ́n jẹ́ kó lù ú. Ó ní wọ́n ti bá òun lù ú.

Moríyọ̀, àbúrò ìyá rẹ̀, ló tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà nígbà tó délé. Ní oṣù Kọkànlá, Awódélé lo ọjọ́ mẹ́jọ ní Ìsarà, ìlú ìyá rẹ̀, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo ṣe. Ó sì fi fóònù ńlá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà náà ní Makun.

"Ọmọbìnrin kan pè," ni Moríyọ̀ wí, ó ń bó obì. "Ó ní òun ń wá ẹ. Mo ní, 'Awódélé ti rulé, ọjọ́ kẹjọ rèé.' Àbí Ìsarà kì í ṣe ilé ni?"

"Kí ló wá wí?"

"Ó wá ní kí Ọlọ́run tù wá nínú. Mo ní àmín. Ṣé èèyàn ń kọ àdúrà ni?"

Awódélé jókòó. Òun ló kọ́ ọmọ náà ní èdè, ọmọ náà kò sì gbàgbé.

Ó fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí Láídé. Ọjọ́ kẹsàn-án ni Láídé tó pè, ó sunkún ayọ̀, ó sì gbé fóònù fún Adéyọ̀sọ́lá, alákòóso ẹgbẹ́ wọn.

"Ẹ ò gbé ìpè mi," ni Awódélé wí.

"Nọ́ńbà òkú ni, sà. A rò pé ẹbí fẹ́ pè wá wá síbi ìsìnkú. Ẹ ṣé o, tí ẹ wà láàyè. Ṣùgbọ́n orin yẹn ti jáde, ìtàn ikú yín ló sì ń gbé e kiri."

"Ẹ tún un sọ fún wọn, kí wọ́n mọ̀."

"Àṣìṣe lásán ni báyìí, sà. Tí a bá tún un sọ, á wá di irọ́."

Wọ́n fi ẹ̀bùn tì í lẹ́yìn: ẹ̀wù dúdú mẹ́fà, àwòrán òòlù níwájú, *Urin kì í rulé* lẹ́yìn, orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀, pẹ̀lú ọdún ìbí àti ọdún ikú. Wọ́n ṣi ọdún ìbí kọ.

Àwọn ará Makun rí i lórí fóònù wọn. Wọn kò pè é ní wèrè mọ́. "Òkú, ẹ bá mi wo ìdí tírélà yìí," ni wọ́n ń wí. Ó ń fi ẹ̀wù náà ṣiṣẹ́, nítorí pé ó nípọn, iná kì í sì tètè jó o. Kì í kọ orin bàbá rẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ kan tó ti Òkè Ọya wá ka ẹ̀yìn ẹ̀wù náà. Ó bi í pé, "Ẹ mọ bàbá yìí ni?"

"A jọ ṣiṣẹ́ níbí rí," ni Awódélé dáhùn, ó sì fa ìbòjú wẹ́dà bo ojú.