Bàbá Kògbà, Wolé-wolé Tó Ń Ná Mítà

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọ̀rọ̀ tíṣà bẹ̀rẹ̀, torí òun náà ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ sọ bí ẹ bá dárúkọ Bàbá Kògbà. Tíṣà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò wa nígbà náà. Ó ra ilẹ̀, ó fẹ́ gbẹ́ ṣáláńgá, ó sì ránṣẹ́ pe wolé-wolé káńsù kó wá wò ó. Bàbá Kògbà gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀ dé, ó wo kànga tó wà lójúde, ó wo tíṣà láti òkè délẹ̀, ó ní:

"Igba mítà ni ṣáláńgá yín gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí kànga yìí."

"Ó dáa, sà," ni tíṣà wí.

Bàbá rò pé etí òun ló ń tan òun jẹ. "Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní ó dáa, sà. Ẹ ṣé gan-an ni."

Tíṣà bá wọlé lọ. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tó rà kò ju àádọ́rin mítà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Nígbà tó dọjọ́ kejì, ó ti lọ bẹ àna ẹ̀ tó ń gbé lójú pópó kejì pé kó jọ̀ọ́, kó fún òun láyè kékeré lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó ẹ̀ ní, "Ṣé a ó máa gbé oúnjẹ dání bí a bá ń lọ ni, àbí a ó máa sùn lọ́nà?"

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Bàbá níbi tó ti ń jẹun àárọ̀. Kò jẹ ẹ́ tán tó fi fò sórí kẹ̀kẹ́.

"Tíṣà, kí ni mo fi ṣe yín? Ẹ ná an!"

"Kí n ná kí ni, sà?"

"Igba mítà! Ẹ sọ pé ó ti pọ̀ jù."

"Ó ti pọ̀ jù, sà."

"Ẹn-hẹ́n! Mélòó lẹ fẹ́ gbà?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ̀yin nìjọba."

Bàbá mí kanlẹ̀. Nígbà tó rí i pé ọkùnrin yìí ò ní gbà á sílẹ̀, ó bá ń ná ti òun, ó ń ná ti tíṣà mọ́ ọn. "Ẹ ní ogún. Kò gbà! Mo ní àádọ́jọ. Ẹ ní kí n wojú Ọlọ́run, ilẹ̀ yín kéré. Ó dáa, ọgọ́rùn-ún. Ẹ ti bínú, ẹ̀ ń lọ. Ẹ padà wá! Ẹ padà wá jàre!" Ó di apá ẹ̀wù tíṣà mú, bẹ́ẹ̀ tíṣà ò tilẹ̀ mira. Báyìí ló ṣe ń bá a lọ títí ó fi já a sí àádọ́ta mítà. Ó nu òógùn ojú ẹ̀, ó kọjú sí ìyàwó tíṣà, ó ní, "Ìyá ilé, ọkọ yín le o! Díẹ̀ ló kù kó bọ́ ṣòkòtò nídìí mi."

Ẹ má rò pé orí ẹ̀ ò pé o. Orí ẹ̀ pé ju tèmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí lọ. Ìkòkò ni ìyá ẹ̀ ń tà, ìdí ìkòkò ló sì dàgbà sí, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ iye nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ káńsù, òun a máa sọ òótọ́ fún àwọn èèyàn pé àádọ́ta mítà ni wọ́n kọ́ òun níléèwé wolé-wolé. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́, wọ́n á wá gbẹ́ ẹ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní igba, tí oníkálukú ń ná an wálẹ̀, ìgbà yẹn gan-an lóhùn ẹ̀ tó ń mulẹ̀. Ẹni tó bá ti ná an dé àádọ́ta á máa fọ́nnu kiri àdúgbò pé òun ṣẹ́gun wolé-wolé, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àádọ́ta yẹn mọ́.

"Kò gbà" ni ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀, ìyẹn la fi sọ ọ́ ní Bàbá Kògbà. Nígbà tó gbọ́, ó ní orúkọ náà ò burú, ṣùgbọ́n ó yẹ ká ti bá òun ná an kí á tó máa pè é.

Ìyàwó ẹ̀, aránṣọ, ló sọ ti ilé fún wa. Ó ní nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ òun, òun ní rárá. Ó lọ. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún dé, òun tún ní rárá. Ìgbà tó dẹ̀ẹ̀kẹta, òun bínú, òun ní, "Ẹ̀yin bọ̀dá yìí, ṣé ẹ ò gbọ́ ni?" Ó ní, "Mo gbọ́. Mo fẹ́ mọ jálẹ̀ ẹ̀ ni." Bí ìyá yìí bá ń sọ ọ́, ẹ̀rín ò ní jẹ́ kó lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Bàbá wá ga sí ni ọjọ́ tí ìjọba rán arábìnrin kan sí wa, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́. Wọ́n ní kí káńsù kọ̀ọ̀kan kọ ètò tó máa ṣe lórí bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà, àti bó ṣe máa dáàbò bo omi abẹ́ ilẹ̀. Arábìnrin náà gbé àwòrán kọ́ ara ògiri yàrá ìpàdé, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí i. Ó ní bó bá fi máa di ogún ọdún sí i, òjò á máa pẹ́ kó tó rọ̀, oòrùn á máa mú ju báyìí lọ, omi inú kànga wa á sì fi mítà mẹ́ta lọ sísàlẹ̀.

Bàbá dìde. "Mítà mẹ́ta kẹ̀? Ẹ já a wálẹ̀."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Arábìnrin náà ní, "Bàbá, èmi kọ́ ni mò ń tà á."

"Ta ló ń tà á? Ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀."

Arábìnrin náà gbé ẹ̀rín mì. Ó gbé ọ̀pá ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. "Ó dáa, Bàbá. Bí ẹ bá gbin igi sí ara òkè ìlú yín yẹn látòkè délẹ̀, tí òjò ò fi ní máa ṣàn lọ lásán, ẹ lè já a sí méjì."

"Ó ń bọ̀. Bí a bá wá gbẹ́ kòtò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí àgbàrá á máa dúró síbẹ̀, tí á máa rin wọ ilẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní tó méjì mọ́."

"Bí a ò bá wá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìgbẹ́ àti epo ba èyí tó bá kù jẹ́?"

"Ìyẹn ò ní sọ omi di púpọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n èyí tó bá kù á ṣe é mu."

Bàbá kọjú sí gbogbo wa. "Ẹ gbọ́ bí? Ó ṣe é ná!"

Arábìnrin náà sọ fún wa lẹ́yìn ìpàdé pé gbogbo káńsù tí òun ti dé, ńṣe ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún òun tí wọ́n á sì relé. Ó ní Bàbá ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi òun ní jálẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ jókòó kọ ètò náà, ojú ìwé mọ́kànlélógójì. Alága káńsù gbà á lọ́wọ́ wọn, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì ẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ náà ló wà fún ọdún kan ààbọ̀.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan tó fẹ́ dá ilé epo mọ́tò sílẹ̀ dé, Elépo la máa ń pè é. Ẹ mọ Kànga Ńlá, òun ni òpópónà mẹ́ta ń mu, kì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Elépo ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó fẹ́ ri táǹkì epo mẹ́ta mọ́lẹ̀ níbẹ̀, mítà méjìlá péré sí kànga. Bàbá gun kẹ̀kẹ́ lọ bá a, ó ní igba mítà. Elépo ò bínú, kò sì ná an. Ó kàn pe lọ́yà ẹ̀ jáde látinú mọ́tò. Lọ́yà ní, "Bàbá, níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

"Mélòó lẹ fẹ́ gbà?" ni Bàbá bi í.

"A ò gba nǹkan kan, sà. Ẹ fi òfin hàn wá."

Òfin wo? Kò sí. Ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹnu Bàbá nìkan ni gbogbo omi tí à ń mu láti ọgbọ̀n ọdún dúró lé. Mi ò ní purọ́ fún yín, àyà mi já. Bàbá ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà, kò gùn ún. Nígbà tí a pariwo dé káńsù, alága yọ ètò náà nínú dúrọ́ọ̀, ó ní kí Elépo ní sùúrù di ọjọ́ tí àwọn máa jókòó lé e lórí láti sọ ọ́ dòfin. Oṣù márùn-ún ló kù sígbà náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni ẹsẹ̀ Bàbá wú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó pe ìyàwó ẹ̀ jókòó, kò sì fi bọpo bọyọ̀. Ó ní ọkàn ẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́ gan-an, pé oṣù mẹ́ta lòun rí tó kù fún un.

"Mẹ́ta ti kéré jù, dókítà," ni Bàbá wí látorí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ fi lé e."

"Bàbá, ọwọ́ mi kọ́ ló wà."

"Bí mo bá fi iyọ̀ sílẹ̀ ńkọ́?"

Dókítà wo ìyàwó Bàbá, ó tún wo Bàbá. "Bí ẹ bá fi iyọ̀ sílẹ̀, tí ẹ̀ ń lo oògùn yín, bóyá mẹ́rin."

"Kò gbà. Ẹ gbà kí n máa sùn lọ́sàn-án."

"Àti kẹ̀kẹ́ náà. Ẹ ò gbọ́dọ̀ gùn ún mọ́."

Ìyẹn dun Bàbá o. Ó wo àjà ilé títí. "Mo gbà. Márùn-ún?"

"Márùn-ún," ni dókítà wí, ó sì yára jáde kúrò nínú yàrá. Ìyàwó Bàbá ní omi ti lé sójú dókítà.

Ọjọ́ ìjókòó pé, Bàbá sì dé, ó fi ọwọ́ kan di ìyàwó ẹ̀ mú, ó fi èkejì di ìwé ètò. Elépo àti lọ́yà jókòó sẹ́yìn. Àwọn káńsẹ́lọ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń bá lò, wọ́n ti ṣèpàdé láàárọ̀. Wọ́n ní bó bá ti pe igba, kí àwọn pe márùn-ún, kí àwọn ná an títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kí àwọn jọ parí ẹ̀ sí ogún.

Alága ní, "Bàbá, mítà mélòó?"

Bàbá di ẹ̀yìn àga mú. "Àádọ́ta."

"Ẹ ní?"

"Àádọ́ta mítà láàárín kànga àti ohunkóhun tó lè bà á jẹ́. Kò lé, kò dín."

 Gbogbo àwọn káńsẹ́lọ̀ ń wojú ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn fi ohùn kékeré sọ pé, "Bàbá, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́. Igba la gbáradì fún."

Bàbá ní, "Ọmọ mi, mi ò ní ọjọ́ tí mo lè fi ná an mọ́."

Lọ́yà Elépo dìde, ó ní, "Ogún!" Kò sẹ́ni tó bojú wo ẹ̀yìn. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín àwọn káńsẹ́lọ̀, tó ti tajà nígbà ayé ẹ̀, ló dìde. Ó ní, "Alága, gbogbo ìgbà ni Bàbá ń ta mítà fún wa. Lónìí òun ló wá rà á lọ́wọ́ wa, kò sì ná an. Oníbàárà tí kò bá ná ọjà, ṣé a ò ní fún un ní ènì ni?"

"Ènì mélòó?" ni alága bi í.

"Mẹ́wàá."

Ọwọ́ gbogbo wọn lọ sókè. Ọgọ́ta mítà ló wọ ìwé òfin, pẹ̀lú igi ara òkè àti kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.  Bàbá ṣí fìlà ẹ̀, ó fi bojú, èjìká ẹ̀ sì ń mì. Ìyàwó ẹ̀ ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn ẹ̀ ló sùn, tí kò jí. A sunkún, a sì rẹ́rìn-ín, torí kò sẹ́ni tó lè sọ ìtàn ẹ̀ kan tán lọ́jọ́ náà láìrẹ́rìn-ín. Elépo gbé táǹkì ẹ̀ lọ sẹ́yìn ìlú, ó ń tajà ẹ̀ lọ́hùn-ún ní àlàáfíà. Omi Kànga Ńlá ṣì mọ́, ìyàwó Bàbá ń pọn níbẹ̀ láràárọ̀.

Bí àwọn bíríkìlà bá sì fẹ́ gbẹ́lẹ̀ lónìí, wọ́n á fa téèpù láti ẹnu kànga. Bó bá dé àádọ́ta, olórí wọn á ní, "Èyí tí Bàbá rà nìyẹn." Wọ́n á tún fà á síwájú, á ní, "Mẹ́wàá yìí, ènì Bàbá ni." A máa ń fẹnu lásán ná àádọ́ta yẹn dáadáa ládùúgbò wa, a ò lè ṣe ká má ná nǹkan. Ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó ná mẹ́wàá Bàbá.