Fìlà Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Rán

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nítorí fìlà kan ní Kàdúná. Èmi tí ẹ ń wò yìí, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé e jáde, rélùwéè tó ń bọ̀ dúró, ó fọn fèrè, ó ní kí n kọ́kọ́ kọjá! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ ná.

Láti kékeré ni nǹkan tó bá le ti máa ń wù mí. Mi ò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹta, àmọ́ tí wọ́n bá ti ní nǹkan kan ò ṣeé ṣe, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo tú aago ògiri ilé wa rí. Mo sì tò ó padà dáadáa o! Ẹ̀yìn ló kàn ń rìn sí.

Ní naintin-nainti-sọ́mtin, Kabala Costain là ń gbé, mo sì ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Makera. Aládùúgbò wa kan wà, Màláàmù Sani, Hausa ni. Abẹ́ igi dongoyaro ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa fọwọ́ rán fìlà olódòódó. Ẹyọ kan á gbà á tó oṣù méjì.

Mo ní kí ló le níbẹ̀? Ṣebí abẹ́rẹ́ àti òwú ni? Ó mi orí. Ó ní, “Haba Bàbá! Sai haƙuri.” Àfi sùúrù, ẹ̀yin Yorùbá ò sì ní in.

Èmi kẹ̀? Nípàdé ẹgbẹ́ ìlú wa, láìsí ẹni tó bi mí, mo dìde. Mo ní lọ́jọ́ yìgì ọmọ mi Ráfíátù, fìlà tí mo bá rán fúnra mi ni n ó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí lásán ni n ó gbé wá. Bàbá ìyàwó, lórí lásán, níwájú àwọn àna láti Ìlọrin!

Ráfíátù gbọ́, ó bú sẹ́kún. “Don Allah, Bàbá!” Ó ń bẹ̀ mí pé kí n lọ ra tọjà. Mo ní ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu àgbà.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti Sani. Abẹ́rẹ́ gún mi títí ìka mi fi dà bí asẹ́. Àmọ́ òdòdó náà yọ! Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin sí yìgì, mo fi sítáàṣì sí i, ó gbẹ, mo gbé e sórí.

Ó dúró gbọnin!

Ẹ wo àṣìṣe mi: ìwọ̀n Yorùbá ni mo fi gé aṣọ náà, gígùn, kí ó lè ṣẹ́ wá sí etí. Ta ló sọ fún mi pé fìlà tiwọn kì í ṣẹ́? Mo tì í sọ́tùn-ún, ó ta padà bí pákó. Sani ń rẹ́rìn-ín, ó ń yí lórí ẹní: “Bàbá, fìlà ni àbí garawa?” Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní òun sọ, èmi ni mo ní kí òun panu mọ́. Òótọ́ ni.

Tí n bá gé e, gbogbo òdòdó á tú. Orí lásán ni, àbí garawa?

Mo dé garawa.

Lọ́jọ́ yìgì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ààfáà tó ń ṣe wáàsí gbàgbé ibi tó dé. Ráfíátù tó ti ń sunkún láti àárọ̀ wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín títí tìróò fi ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀! Bàbá ọkọ rẹ̀, Àlháájì tí kì í rẹ́rìn-ín, wá bá mi, ó fọwọ́ kan òdòdó náà níkọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀ mí pé kí n rán ọ̀kan fún òun náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó bá le, ẹ máa dáwọ́ lé e. Kí ẹ tó mú sísọ́ọ̀sì nìkan, ẹ bi oníṣẹ́. Kí lẹ̀yin náà ti dáwọ́ lé rí tó ju agbára yín lọ? Ẹ wí, kí n má dá nìkan jẹ́ òmùgọ̀.

Àmọ́ kí n tó dákẹ́: ẹ̀rín Ráfíátù, òótọ́ ni. Àlháájì ni mo parọ́ mọ́. Kò bẹ̀ mí fún fìlà kankan. Ó sọ̀rọ̀ sí mi létí ni, ó ní, “Àna wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn, àwọn èèyàn ò rí Ààfáà.”

Mo sún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mi ò ṣí fìlà mi.