Gààrí Gbígbẹ Tí Mi Ò Lè Gbé Mì

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ará Ayétòrò tó bá ka ìwé yìí yóò mọ ẹni tí mò ń wí.

Mi ò tíì lo oṣù mẹ́ta nílé ọkọ nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ iyùn ìyá ọkọ mi sọnù. Àwa obìnrin mẹ́rin la wà nílé lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ló dá a lábàá pé ká ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìyá àwọn: kí kálukú da ẹ̀kúnwọ́ gààrí gbígbẹ sẹ́nu, kó gbé e mì láìmu omi. Ẹni tí kò bá lè gbé e mì, òun ni olè. Òun fúnra rẹ̀ ló bu gààrí náà fún wa.

Tirẹ̀ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Tèmi dúró lẹ́nu bí iyanrìn. Mo húkọ́, gààrí fọ́n sí ìyá ọkọ mi láṣọ, ẹjọ́ sì parí síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, “Tíṣà wa, gbogbo ìwé tó o kà, wọn ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé gààrí mì?”

Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ n'Ílaròó nígbà náà. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ni mo kọ ọ́ sójú pátákó pé ọpọlọ ní iṣẹ́ tó ń ṣe láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa: òun ló ń darí bí ọkàn ṣe ń lù, bí oúnjẹ ṣe ń dà, bí itọ́ ṣe ń sun sẹ́nu. Bí ẹ̀rù bá bani, á ní kí ọkàn sáré, kí òógùn bọ́, kí itọ́ gbẹ. Kì í bèèrè bóyá a jalè. Mo ṣàlàyé fún ọkọ mi, ó ní kí n jẹ́ kó tán. Kò tán. Ogójì ọdún ó lé, kò sẹ́ni tó fi èmi nìkan sílẹ̀ sí yàrá tí àpótí aṣọ wà nílé náà.

Lọ́dún tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣubú. Tó bá ti dìde, òòyì á kọ́ ọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò lóye ohun tí dókítà sọ, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe tíṣà. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ bi mí bóyá ẹ̀san ni. Ó wù mí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, yóò sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní irọ́ rí. Mo ní tí a bá dìde, ọpọlọ ló yẹ kó pàṣẹ fún iṣan kó fún mọ́ra, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ṣàn lọ sẹ́sẹ̀ tán. Tirẹ̀ ti ń pẹ́ kó tó pàṣẹ. Kó máa kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kó tó rọra dìde. Mo wá sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ rẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ló ń gbé e ṣubú, bí kì í ti í ṣe olè jíjà ló gbẹ mí lẹ́nu lọ́jọ́sí.

Ó wo àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá kọjú sí mi.

“Ìyàwó mi, ẹ̀rù ló bà ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Èmi tí mo mú ìlẹ̀kẹ̀, kí ni mo fẹ́ máa bẹ̀rù? Ìwọ ni gbogbo wọn ń wò.”