Ọ̀dà Búlúù Tí Akọ̀wé Fi Kun Ọkọ̀ Ojú Omi Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n fi ọ̀dà ṣe fún mi ní Festac níbí, kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹbí ọkọ mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri, wọ́n sì ti bu iyọ̀ sí i.

Mo ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Alumíníọ̀mù ni, kò wúwo, èèyàn méjì lè gbé e. Èmi ni mo rà á o, kì í ṣe ọkọ mi! Ọwọ́ òyìnbó ẹnjiníà kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ni mo ti rà á, lọ́dún tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Kẹ́mísìrì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí irun mi fi funfun. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ sì ni mí. Kí n tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn ni mo ti ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀.

Omi ló wà lẹ́yìn ilé wa. Òdìkejì omi yẹn ni mo dá oko ẹ̀fọ́ mi sí: gúre, tẹ̀tẹ̀, ewúro. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, oko yẹn nìkan ló ń jẹ́ kí n fẹ́ jí láàárọ̀. Bí mo bá ń tukọ̀ lọ, àwọn ará àdúgbò á máa kígbe pé, "Mọ̀mí Néfì, ẹ kú ogun o!" Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kígbe.

Ó wá ku Akọ̀wé. Àbúrò ọkọ mi ni, Satellite Town ló ń gbé. Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé. Mo wẹ̀ ẹ́, mo nu ikun imú rẹ̀, síbẹ̀ "ìyàwó" ló ń pè mí, "ìwọ" ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi hu irùngbọ̀n. Mo gbà. Bí àṣà ṣe wí nìyẹn.

Ni Akọ̀wé bá dé lọ́jọ́ kan, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ kú ilé o. Ṣé ara yín le?"

"Ẹ" kẹ̀! Èmi? Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló dúró síbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọjọ́ tí ẹni tó ń pè yín ní "ìwọ" bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín ní "ẹ̀yin", ẹ di báàgì yín mú!

Ó ní ọkọ̀ mi ń dán jù. Ẹ sáà mọ bí nǹkan ṣe rí láti ìgbà tí àwọn sójà ti dé, tí a ń tò sórí ìlà nítorí ọṣẹ àti mílíìkì. Ìkòkò pàápàá ti wọ́n. Àwọn tó ń yọ́ alumíníọ̀mù rọ ìkòkò ń ra gbogbo èyí tí wọ́n bá rí, olè sì ń tú férémù wíńdò onílé lójú oorun. Akọ̀wé ní kí a kun ọkọ̀ náà kó dà bí igi, kí ojú olè lè fò ó.

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìyẹn gan-an ló fu mí lára! Ìgbà wo ni Akọ̀wé ti ń ro ire mi? Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ọsibítù, ẹ̀ẹ̀kan ló yọjú, ó sì jẹ ìrẹsì tí mo gbé wá fún aláìsàn.

Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù kì í ṣe ògiri. Afẹ́fẹ́ ti fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó. Èèyàn á fi sáńpépà ha á, á fọ òróró ara rẹ̀ kúrò, á sì fi ọ̀dà àkọ́kùn tó bá a mu kùn ún kíá, kí awọ yẹn tó padà. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀dà á máa ṣí ni. Mo ní kó fi sílẹ̀, èmi á ṣe é fúnra mi.

"Háà, tíṣà!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ̀yìntì tán, ẹ ò tíì kọ́ wa tán."

Kò pẹ́ sígbà náà, ọmọbìnrin mi bímọ ní Alákijà, mo lọ wẹ ọmọ. Mo ní kí Alhaja tó ń ta pírófísọ̀n nísàlẹ̀ ilé wa bá mi fojú sí ọkọ̀. Ọjọ́ tí mo padà dé, ó sáré pàdé mi.

"Mọ̀mí, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kùn ún, àbí?"

"Kí wọ́n kun kí ni?"

"Yéè! Wọ́n ti tàn mí."

Mo dé etí omi. Ọkọ̀ mi ti di búlúù! Búlúù ògiri ilé Akọ̀wé gan-an. Wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: ỌMỌ BÀBÁ KAN.

Bàbá ta ni? Ṣé bàbá tèmi ni? Bó bá jẹ́ pé olè ni wọ́n ń sá fún, ta ni wọ́n kọ̀wé sí? Èmi náà ni! Àwọn ọmọ bàbá kan ló ni ín. Ìyàwó kì í sì í ṣe ọmọ bàbá ẹnikẹ́ni nílé ọkọ.

Mo ránṣẹ́ pe ẹbí ọkọ mi. Wọ́n dé lọ́jọ́ Sunday pẹ̀lú Bàbá Àgbà, olórí ẹbí. Akọ̀wé búra pé ẹ̀gbọ́n òun ló ra ọkọ̀ náà, àti pé òun ń bọ̀ wá gbé e lọ fún gbogbo ẹbí. Mo ní irọ́ ni. Ló bá padà sí "ìwọ" rẹ̀.

"Ìyàwó, ìwọ gan-an, ogún ni ọ́. Ṣé ogún tún máa ń ní ogún ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà náà rẹ́rìn-ín.

Mo dìde, mo wo ojú Akọ̀wé. Mo ní, "Ìsíkíẹ́lì."

Ẹ̀rín dá. "Hẹ̀ẹ́n! Ìyàwó pe ọkọ lórúkọ!" Àbúrò ọkọ mi obìnrin ló kígbe bẹ́ẹ̀. Bàbá Àgbà bi mí bóyá orí mi pé.

Mo ní ó pé. Mo ní bí mo bá jẹ́ ìyàwó ilé yìí, ohun tí mo fọwọ́ ara mi rà, tèmi ni, àwọn ọmọ mi ni yóò sì jogún rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹrù ni mí, ẹrù kì í bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn, mo lè pè é láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí Bàbá Àgbà jókòó sí. Èwo ni wọ́n mú?

Mo kọjú sí obìnrin tó kígbe. Ó fi ìborùn bojú! Mo wá kọjú sí Bàbá Àgbà.

"Ó tó!" Ó ti na ọ̀pá rẹ̀ sókè. Ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ mi sílẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n kí n kúnlẹ̀ bẹ Akọ̀wé. Mo ní kí Akọ̀wé kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ ọkọ̀. Wọ́n jáde láìfọwọ́ kan mínírà tí mo gbé kalẹ̀. Mo dá a padà sínú fíríìjì.

Mo fi sáńpépà ha búlúù yẹn títí èékánná mi fi ṣẹ́. Mo wá kùn ún bó ṣe yẹ kí a kun alumíníọ̀mù, ní àwọ̀ igi gbígbẹ tí kò dán. Ìmọ̀ràn rẹ̀ dára, mi ò jiyàn. Ẹni tó mú un wá ni kò dára.

Nígbà tí ikú ọkọ mi pé ọdún kan, Satellite Town ni wọ́n ti ṣe ìrántí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. Àárọ̀ ọjọ́ náà mo tukọ̀ lọ sóko, mo já gúre, mo jókòó sáàárín ebè, mo sì sunkún tó tẹ́ mi lọ́rùn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè pè mí ní ìyàwó.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí ẹni tí kò fẹ́ràn yín bá ní òun fẹ́ tún nǹkan yín ṣe, ẹ má tíì dúpẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé orúkọ ta ni yóò kọ sí i lára.

Ẹ̀yin obìnrin tí wọ́n ti pè ní ogún lójú ara yín, kí lẹ fi dá wọn lóhùn? Ẹ kọ ọ́ sí mi. Ẹ má sì fi orúkọ wọn pamọ́.