Ohun Tí Mìsís Àjàyí Ń Wá Lára Mi

Òórùn kárósínì ló máa ń jí mi ní Ìkàrẹ́. Ìyá Ráfíù, ẹ̀gbọ́n bàbá mi lóbìnrin, ló ń tà á lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ sínú ìgò. Ọ̀kà ni wọ́n ti mú mi wá bá wọn. Búréèkì lọ́rì bàbá mi já ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ọ̀kà, ọkọ̀ lọ kọlu àpáta. Èmi náà wà níwájú ọkọ̀. Èmi nìkan ni wọ́n gbé jáde láàyè. Ìyá mi ní kí wọ́n mú mi kúrò níbẹ̀, kí n má baà máa rí òkè yẹn lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ríìmù ọkọ̀ ni wọ́n so mọ́ igi máńgòrò ní ilé ẹ̀kọ́ tuntun, òun ni agogo, ìró rẹ̀ sì dà bíi ti ọkọ̀ tó kọlu àpáta. Bí wọ́n bá ti fi irin lù ú, n ó ti wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì kí n tó mọ̀. Tísà ọkùnrin kan fi pàṣán lé mi jáde níbẹ̀, ó ní àṣejù ni mò ń ṣe. Ọjọ́ náà ni mo pinnu pé mi ò lọ sílé ìwé mọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fipá mú mi nìkan ni mo ń lọ nígbà tí Mìsís Àjàyí wá gba kíláàsì wa. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Bí agogo bá fẹ́ dún, wọ́n á rọra gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá: “Ó fẹ́ dún o.” Mo fura. Láyé ìgbà tiwa, tísà tó bá ń pọ́n ọmọ lé, omi ló fẹ́ rán an, tàbí igi ìdáná. Mo ń ṣọ́ ojú wọn, mo ń ṣọ́ ẹnu wọn. Ìyá Ráfíù tún wá dá kún un: “Wàláì, ọmọ ọ̀dọ̀ ni obìnrin yẹn ń wá. Tó bá ní kí o tẹ̀lé òun délé, sáré wá bá mi.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mìsís Àjàyí na irin agogo sí mi. “Lọ lù ú fún wa.” Mo ní, ẹ̀hẹ́n, iṣẹ́ náà dé. Mo dúró títí lábẹ́ igi, wọ́n dúró tì mí, wọn ò kán mi lójú. Mo fi irin kàn án jẹ́ẹ́. Mo tún lù ú. Ìgbà tó yá, mo ń fi gbogbo agbára mi lù ú, mo sì ń sunkún, ṣùgbọ́n mi ò sá. Èmi ni mo mọ ìgbà tí yóò dún, kò lè já mi láyà mọ́. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń lu agogo, mi ò sì pa ilé ìwé jẹ mọ́. Mìsís Àjàyí ò rán mi ní igi ìdáná rí.

Ní Ọ̀kà ni mo ti ń ṣe tísà báyìí. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí ilé wọn jóná lójú rẹ̀. Mo ń rọra bá a lò, òun náà ń ṣọ́ ojú mi, ó ń ṣọ́ ẹnu mi. Lọ́jọ́ kan ó sún mọ́ mi: “Mà, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?”

Ó dùn mí gan-an. Mo ní kò sí. Kò gbà mí gbọ́. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi lónìí pé òun ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú gbogbo ewú orí mi yìí, èmi náà ò ní gbà á gbọ́.